Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Wò Kó Tó Di Ọjọ́ Ìgbéyàwó

Ẹni tó bá dúró tì mí ní láàbù nígbà tí mo bá ń yẹ jẹ́nótáìpù wò yóò rí i pé iṣẹ́ náà kò ní awo nínú. Màá fi omi iyọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fún mi, màá da omi lásán lé e kí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lè bẹ́, kí ohun pupa tí à ń pè ní hemoglóbìn lè tú síta. Màá kán díẹ̀ sí etí bébà funfun pẹlẹbẹ kan, màá tẹ́ bébà náà sínú àwo tí omi oògùn wà nínú rẹ̀, màá wá tan iná sí i. Iná yìí ló ń wọ́ hemoglóbìn lọ lórí bébà. Èyí tó jẹ́ A ló máa ń sáré jù, S á tẹ̀ lé e, C á kẹ́yìn. Bí ẹ bá jẹ́ AS, ilà méjì ni mo máa rí. Bí ẹ bá jẹ́ SS, ilà kan ni, kò sì ní dé ibi tí ti AA dé. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín kan, ẹ óò gbóhùn mi níta pé kí wọ́n tètè tan jẹnẹrétọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ló ti yan aṣọ ẹbí. Pásítọ̀ tàbí àfáà ló ní kí wọ́n lọ mú èsì wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin á jókòó, ọ̀dọ́mọbìnrin á jókòó tì í, wọn ò ní lè wojú ara wọn títí èsì á fi jáde. Ìyá ìyàwó kan fà mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣáà bá wa kọ AA síbẹ̀, Ọlọ́run á ṣe ìyókù." Mi ò kọ ọ́, mi ò sì ní kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò bínú sí ìyá yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ti tó gbéyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá mọ ohun tó yẹ kí ìyá rẹ̀ ti mọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tí wọ́n bá bí ọmọ ló yẹ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kì í ṣe ìgbà tó bá ń mú ìyàwó bọ̀ wálé. Ìtàn àwọn onímọ̀ nípa àbùdá àjogúnbá ló jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, torí AA àti AS kò wọ́n lẹ́nu wa, orúkọ àwọn tó jẹ́ ká mọ̀ ọ́n ni a kò mọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ ká dárúkọ kì í ṣe onímọ̀ rárá, aláìsàn ni. Walter Clement Noel ló ń jẹ́, ọmọ erékùṣù Grenada ní Kàríbíánì, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Ní 1904, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ó forí lé Chicago láti lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí àìsàn fi gbé e dé ọsibítù. Dókítà kékeré kan tó ń kọ́ṣẹ́, Ernest Irons, ló gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ mikirosikóòpù, tó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú rẹ̀ ti tẹ̀ bíi dòjé. Ọ̀gá Irons, James Herrick, ló kọ ìwé lé e lórí ní 1910, orúkọ Herrick sì ni ayé mú. Kò dárúkọ Noel níbẹ̀. Noel ní tirẹ̀ ti parí ẹ̀kọ́ ní 1907, ó ti padà sílé, ó ń tọ́jú eyín àwọn èèyàn ní St. George's, olú ìlú wọn, títí ó fi kú ní 1916. Ọmọ ọdún 32 ni. Kò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ó kàwé gboyè, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ní oníbàárà, gbogbo rẹ̀ láyé tí kò sí oògùn kankan fún ohun tó ń ṣe é. Kí àwọn tó máa ń wo ọmọ SS bí ẹni tí ikú ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ rántí dókítà eyín yìí.

Nílẹ̀ tiwa nígbà náà, orúkọ la fi ń jà: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Kásìmáawò. A tún ní abẹ tí wọ́n fi ń ṣá òkú ọmọ lára kó má baà tún padà wá. Mi ò sọ pé SS ni gbogbo àbíkú o. Ibà pa ọmọ, èèyi pa ọmọ, ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tí ọmọ kan ti ń ké lóru pé egungun ń dun òun, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ẹyinjú rẹ̀ ń pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, tó kú kó tó lọ sílé ìwé, tí àbúrò rẹ̀ tún gba ọ̀nà kan náà, tí nǹkan kan ò sì ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Àwọn àgbà wa rí i pé inú ìdílé ni nǹkan náà ń rìn. Ibẹ̀ yẹn, wọn ò ṣì í.

Ọdún 1949 ni ìdí rẹ̀ hàn. James Neel, onímọ̀ àbùdá ní Yunifásítì Michigan, yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn àìsàn SS, wò, ó sì rí i pé àwọn òbí méjèèjì ló gbé e sára láìmọ̀. E. A. Beet, dókítà ìjọba amúnisìn ní ilẹ̀ tó di Sáńbíà lónìí, sọ ohun kan náà lọ́dún kan náà, láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣe é. Bí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò gbọ́ ibi tí mo ti sọ pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Tọkọtaya máa ń wá sọ fún mi pé àwọn ti bí SS kan, nítorí náà mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oyún kì í ka iye ọmọ tó ṣáájú rẹ̀. Mo mọ ilé tí AS méjì ti bí ọmọ mẹ́rin tí kò sí SS kankan nínú wọn, mo sì mọ ilé tí mẹ́ta nínú mẹ́rin ti jẹ́ SS. Ilé àkọ́kọ́ ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àdúrà borí jẹ́nótáìpù. Ilé kejì ti ta ilẹ̀ nítorí owó ọsibítù, àdúrà wọn ò sì kéré sí tàwọn tó ń jẹ́rìí. Ìṣirò Neel ló bá àwọn méjèèjì.

Ọdún 1949 yẹn kan náà ni iṣẹ́ tí mò ń fi bébà ṣe yìí bẹ̀rẹ̀. Linus Pauling, ọ̀gá àgbà nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní Pasadena, California, ti gbọ́ lẹ́nu dókítà kan pé ìgbà tí ọ́síjìn bá tán nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn aláìsàn yìí ló máa ń tẹ̀. Ó ní a jẹ́ pé ọwọ́ hemoglóbìn ni ẹjọ́ wà, torí òun ló ń gbé ọ́síjìn kiri. Ó gbé iṣẹ́ náà lé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́, Harvey Itano. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Itano sí, Japan ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ní 1942, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ tó peregedé jù ní Yunifásítì California ní Berkeley, òun ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí, inú àgọ́ ló wà, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ìdílé tó wá láti Japan sí nítorí ogun. Ìran tí ó ti wá nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀ pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ibẹ̀ ló gbà dé ọ̀dọ̀ Pauling.

Bébà kọ́ ni Itano lò. Ẹ̀rọ ńlá kan ló fi wọ́ hemoglóbìn gba inú omi, ó sì rí i pé ti aláìsàn àti ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kò rìn bákan náà. Nígbà tó fi ẹ̀jẹ̀ AS sí i, ó bá oríṣi méjèèjì nínú rẹ̀. Ilà méjì tí mò ń rí lórí bébà mi nìyẹn. Ṣáájú ìgbà náà, kò tíì sí ẹni tó tọ́ka sí àrùn kan rí pé inú èròjà kan báyìí nínú ara ni ó fìdí sí, kó sì fi hàn. Lórí iṣẹ́ mìíràn, Pauling gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì, ti kẹ́mísírì fún 1954 àti ti àlàáfíà fún 1962, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú iṣẹ́ wa. Itano kú ní 2010. Bí mo bá bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa pé ta ni, ńṣe ni wọ́n máa ń wò mí.

Vernon Ingram, ọmọ Júù tí ìdílé rẹ̀ sá kúrò ní Jámánì láyé Hitler, ló parí ìyókù ní Cambridge ní 1956 àti 1957. Nínú bí 300 ègé tí wọ́n tò jọ di ìdajì hemoglóbìn kan, ègé kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú ti S: valine ló jókòó síbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Ègé kan péré.

Kí ló wá dé tó fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó báyìí, tí bí ẹnì kan nínú mẹ́rin fi jẹ́ AS ní Nàìjíríà? Anthony Allison, òyìnbó tó dàgbà ní Kẹ́ńyà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn ní 1949, nígbà tó ń gba ẹ̀jẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà. Létíkun àti lẹ́bàá adágún Victoria, níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, AS pọ̀. Lórí òkè, níbi tí òtútù ti lé ẹ̀fọn, AS kò tó nǹkan. Ní 1954, ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé AS ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ibà. Apá kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí kò bá mi lára mu. Ó kó ibà ran ọgbọ̀n ọkùnrin Luo tí wọ́n gbà láti ṣe é, àwọn 15 tó jẹ́ AS àti àwọn 15 tí kò ní S. Ibà mú 14 nínú àwọn tí kò ní S. Méjì péré ló mú nínú àwọn AS. Èsì náà kò rú ẹnikẹ́ni lójú, ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí tó máa fọwọ́ sí irú rẹ̀ lónìí, kò sì yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Bí AS ṣe ń ṣe é gan-an, Ìbàdàn la ti rí apá kan ìdáhùn rẹ̀, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá ń sọ ọ́. Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì, dé Yunifásítì Ìbàdàn ní 1964, ó sì lo bí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Ní 1970, òun, Nwachuku-Jarrett àti Reddy kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé nínú ẹ̀jẹ̀ AS, sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ibà bá wọ̀ máa ń tètè tẹ̀ ju èyí tí kòkòrò ò wọ̀ lọ. Ara kì í fi sẹ́ẹ̀lì tó bá tẹ̀ sílẹ̀, á gbé e mì tòun ti kòkòrò inú rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn baba ńlá wa tó jẹ́ AS ló la ibà já tí wọ́n fi bí wa. Ẹni tó bá ní èpè ni S, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ta ni ì bá kù nílẹ̀ yìí láti gba èpè náà.

Adéyínká Fálúṣì náà wà ní Ìbàdàn, ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí àbùdá àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń jogún. Ní 2001, ó gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ mi tó fẹ́ ṣe WAEC mọ Mendel, ó mọ ewéko tí àlùfáà yẹn gbìn sọ́gbà ní Brno, ó mọ èyí tó ga àti èyí tó kúrú. Mo bi í pé ta ni Fálúṣì. Ó ní ṣé olórin ni.

Láti 2002, ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá tún ti rìn jìnnà ju bí a ti rò lọ. Iṣẹ́ ńlá kan bẹ̀rẹ̀ lágbàáyé tí wọ́n ń pè ní HapMap, láti fi wo bí àbùdá èèyàn ṣe yàtọ̀ síra láti ìran dé ìran. Èèyàn 270 ni wọ́n kọ́kọ́ lò. 90 nínú wọn jẹ́ Yorùbá Ìbàdàn, ọgbọ̀n ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ. Charles Rotimi, onímọ̀ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó lọ bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà. Ní 2008, ọkùnrin kan nínú wọn ni wọ́n ka gbogbo àbùdá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ YRI fún onímọ̀ àbùdá ní Tokyo tàbí London, ó mọ̀ pé Yorùbá Ìbàdàn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bá bí ní Ìbàdàn láàárọ̀ yìí á padà sílé láìsí ẹni tó mọ̀ bóyá SS ni.

Èyí ni kò yẹ, torí obìnrin méjì ti fi hàn wá pé ìgbà ọmọ tuntun ni àǹfààní wà. Ní 1948, Janet Watson, dókítà àwọn ọmọdé ní New York, ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kì í fẹ́ tẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jogún àrùn náà, nítorí hemoglóbìn tí ọmọ ń lò nínú oyún ṣì pọ̀ lára rẹ̀. Hemoglóbìn yẹn máa ń dín kù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi máa ń sọ pé ọmọ òun sanra dáadáa kí aráyé tó wò ó. Aráyé kò wò ó. Hemoglóbìn ọmọ tuntun ló lọ tí S fi dé. Ẹnì kejì ni Marilyn Gaston, dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ní 1986, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí jáde lórí ọmọ SS 215. Àwọn tí wọ́n ń fún ní pẹnisílínì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pa irú wọn dín kù ní ìdá 84 nínú 100. Wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò rẹ̀, kí wọ́n lè fún gbogbo àwọn ọmọ náà ní oògùn. Ìwádìí yìí ló ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò. Pẹnisílínì ni mo sọ o, èyí tí kẹ́mísì àdúgbò ń tà. Ṣùgbọ́n ta lẹ máa fún, bí ẹ ò bá mọ ẹni tó jẹ́ SS?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń retí ìwòsàn ńlá. Ó ti dé. Ní oṣù kọkànlá 2023, ìjọba Bìrìtìkó fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá. Ọgbọ́n gígé àbùdá tí Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna fi gba Nobel ní 2020 ni wọ́n lò. Wọ́n á gé ibì kan nínú àbùdá sẹ́ẹ̀lì aláìsàn kí hemoglóbìn ọmọ tuntun lè tún jí, èyí tí Watson ti rí láti 1948. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà ní 2023 jẹ́ mílíọ̀nù méjì ó lé igba ẹgbẹ̀rún dọ́là fún ẹnì kan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Àwọn kan á ní bí a bá yẹ ọmọ wò lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ìyá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ìyá ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlẹ́bi. Òótọ́ ni, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń lé ìyàwó nítorí rẹ̀, bíi pé kì í ṣe bàbá ló mú S kejì wá. Ṣùgbọ́n ẹkún ọjọ́ yẹn dára ju ẹkún ti ọdún kẹta lọ. Irin iṣẹ́ sì ti wà. Òótọ́ ni pé bébà tèmi kò rọrùn láti fi ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n ohun èlò kékeré ti dé tó jẹ́ pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti gìgísẹ̀ ọmọ ti tó o, èsì á sì jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pẹ̀lú. Àwọn láàbù kan wà tó jẹ́ oògùn tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lò. Oògùn yẹn lè sọ pé S wà nínú ẹ̀jẹ̀, kò lè sọ bóyá AS ni tàbí SS, síbẹ̀ wọ́n á kọ èsì, wọ́n á lu òǹtẹ̀. Àwọn mìíràn kì í béèrè bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára. Ọmọ SS tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ AA sí lára á jáde bí AS lórí bébà fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, olè ni, ẹni tó ń gba owó kó tó kọ AA sì burú jù ú lọ.

Ẹ̀yin gómìnà ìpínlẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ni wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ BCG, òbí kankan kò sì bá yín jà nítorí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan kún un, kí ẹ sì fi pẹnisílínì sí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ tí èsì rẹ̀ bá jẹ́ SS. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dúró de gómìnà. Bí ọmọ yín bá ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e lọ sí láàbù tó ń ṣe electrophoresis, iṣẹ́ bébà àti iná tí mo ṣàlàyé níbẹ̀rẹ̀ yẹn, kí ẹ sì fi èsì náà pa mọ́ pọ̀ mọ́ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.